Iṣẹ́ Eléré Ìje Ọ̀dọ́ Nígbà tí Kò Sí Ìdíje

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ eléré ìje ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama, yálà ní Ìjàrẹ́, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, sáà ẹ̀kọ́ kejì, láàrin oṣù kìíní sí oṣù kẹta, ni eré ìje ilé-sí-ilé sábà máa ń wáyé. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì péré ni a máa ń kó àwọn ọmọ lọ sí pápá, tí a ó ní kí wọ́n máa sáré àsápajúdé. Kò yani lẹ́nu bí òmíràn bá di itan mú ní ìdajì ọ̀nà lọ́jọ́ ìdíje. Kí ni ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti máa ṣe láti oṣù kẹrin?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn tí í sáré lórí yìnyín wò, nítorí pé ìṣòro tiwọn ju tiwa lọ. Bàtà tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà nídìí rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Yìnyín ni pápá wọn, 400 mítà sì ni ìyípo kan. Nígbà tí ìgbà òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí yìnyín mọ́ fún oṣù púpọ̀. Síbẹ̀ wọn kì í jókòó. Eric Heiden, ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó gba wúrà nínú gbogbo ìdíje márùn-ún ti àwọn ọkùnrin ní Òlíḿpíìkì Lake Placid ní 1980, a máa gun kẹ̀kẹ́ nígbà ooru. Ó mọ̀ ọ́n gùn dé ibi pé ó kópa nínú Tour de France ní 1986. Orí bàtà onítáyà wẹ́wẹ́ ni Erin Jackson ti kọ́ eré kí ó tó gba wúrà 500 mítà ní Beijing ní 2022. Ọmọ tiwa, Seun Adigun, tí ó sá eré ìfo-ìdènà 100 mítà fún Nàìjíríà ní London ní 2012, fi pákó kan ọkọ̀ yìnyín ní Houston, kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, lè máa fi kọ́ bí a ti ń tì í lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní 2018 wọ́n dé Òlíḿpíìkì ní Kòríà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Iṣan tí a bá lò ju bí ó ti mọ́ ọn lára lọ a máa rẹ̀. Ìsinmi, oorun àti oúnjẹ ni ó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí ó sì ń lágbára sí i. Ọ̀pọ̀ oṣù ni èyí ń gbà.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìdíje, kí ọmọ kọ́kọ́ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà òjò, kí ó máa sáré pẹ̀lẹ́ lórí koríko, kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù tàbí kí ó máa gun kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó máa lóṣòó kí ó sì máa dìde, kí ó máa fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì gẹ́gẹ́ bí àwọn eléré orí yìnyín ti í ṣe, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń ti ẹsẹ̀ sí. Èyí a máa fún ìbàdí àti orúnkún lókun. Bí ọyẹ́ bá sún mọ́, ilẹ̀ olókè Ìjàrẹ́ wúlò: kí ó máa sáré gun ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúkúrú, kí ó sì máa rìn sọ̀kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó kẹ́yìn ni ti eré àsápajúdé, pẹ̀lú ìsinmi tí ó tó láàrin eré kan sí èkejì.

Ẹ rántí pé egungun ọ̀dọ́ ṣì ń dàgbà. Ìkángun rẹ̀, níbi tí ó ti ń gùn sí i, kò tíì le tán. Ìwúwo ara ọmọ náà tó fún un. A kò gbọ́dọ̀ gbé irin wúwo lé e lọ́wọ́ láìsí ẹni tí ó mọṣẹ́ nítòsí. Oorun wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ó yẹ ẹni ọdún 13 sí 18. Kí olùkọ́ sì máa bèèrè ohun tí ọmọ ṣe nílé. Ẹni tí ó kọ ebè lọ́jọ́ Sátidé, tí ó tún pọn omi lọ́jọ́ Ìsinmi, ti lo ara rẹ̀ tó; bí a bá tún di eré gígùn rù ú lọ́jọ́ Ajé, ìpalára ni a ń wá. Ọmọ tí ó ń tiro kì í ṣe ọ̀lẹ.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra àtidi olùkọ́, kì í ṣe pápá olówó gọbọi ni a ń bèèrè lọ́wọ́ yín, bí kò ṣe ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ iṣẹ́ àti ìsinmi ọmọ kọ̀ọ̀kan sí, láti oṣù kẹrin títí di ọjọ́ tí fèrè ìdíje yóò dún.