Gẹ̀lẹ̀dẹ́: Ìlù ń wí, ẹsẹ̀ ń dáhùn
Ọkùnrin ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ṣùgbọ́n ìmúra obìnrin ló máa ń mú, nítorí àwọn ìyá wa ni ijó náà ń yẹ́ sí. Lóru, Ẹ̀fẹ̀ á kọrin: á súre, á ṣẹ̀fẹ̀, á sì bú oníwà ìbàjẹ́. Bó bá di ọ̀sán, ó kan ijó. Onílù á fi ìlù sọ̀rọ̀, oníjó á fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe dún gẹ́lẹ́. Bí ìlù bá dákẹ́, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, fífò lásán ló ń fò.

Lọ́dún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò fún gbogbo ayé. Ó dára o. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń fi Faransé bá sọ̀rọ̀ nílé, ta ni yóò túmọ̀ ìlù fún un?