Ẹ Ka Owó Ìyá Àgbà Kí Ẹ Tó Fọ̀ Ọ́

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Ilé-Ifẹ̀, bí a bá tú àpótí ìyá àgbà, a lè bá owó oníhò nínú rẹ̀. Àwọn kan a máa kó o fún ọmọdé ṣeré. Àwọn mìíràn a máa tà á fún àwọn tí ń ra bàbà àlòkù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ kọ́kọ́ kà á ná.

Kíkà rẹ̀ kò ṣòro. Nítorí ihò àárín, kò sí àwòrán orí ọba lára rẹ̀. Ní ojú tí adé wà, ẹ ó rí orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì àti iye owó náà. Ní ojú kejì, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ni ẹ ó rí, ọdún tí wọ́n rọ ọ́ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni wọ́n fi kọ orúkọ àwọn ọba kan: GEORGIVS ni George, REX sì ni ọba. Bákan náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń fi orúkọ olú-ọba mọ ìgbà tí owó Róòmù jáde.

Ànínì ni ó kéré jù lọ. Mẹ́wàá rẹ̀ ni kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ méjìlá sì ni ṣílè kan. Ní 1959 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn.

Ẹ fara balẹ̀ wo ti 1936. Bí ẹ bá ka EDWARDVS VIII lára rẹ̀, ti ọba tí kò pé ọdún kan lórí ìtẹ́ ni. Wọn kò tíì dé e ládé tí ó fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò gbé owó tí ó ní orúkọ rẹ̀ jáde fún ará ìlú; ṣùgbọ́n níhìn-ín, a ná an lọ́jà, ní ayé Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, ẹni tí ó jọba ní 1930. Kò ṣọ̀wọ́n débi tí yóò sọ yín di olówó, nítorí náà ẹ má ṣe gba ẹlẹ́tàn gbọ́. Ìtàn inú rẹ̀ ni iyì rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi eérú, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kànrìnkàn onírin bó o. Dídán bẹ́ẹ̀ a máa jẹ ìkọ̀wé ara rẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ìwé wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ tí ọwọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ kò tó, nítorí wọn a máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mì.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ìyá àgbà, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, ohun tí wọ́n fi kọ́bọ̀ kan rà nígbà èwe wọn, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sára ìwé tí ẹ fi wé e. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.