Yíyọ́, Rírọ̀ àti Ṣíṣàn: Àlàyé lórí Bí Òkúta Ṣe Ń Rìn ní Ìsàlẹ̀ Ilẹ̀

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni kí á ṣe àlàyé bí òkúta yíyọ́ ṣe ń ṣàn ní ibi tí ó jìn púpọ̀ nínú ilẹ̀, níbi tí ìwúwo òkúta tí ó wà lókè ti ń fún un pọ̀ láti ìhà gbogbo. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn wa kò gùn. Láti ìgbà tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì nínú ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, kò yẹ kí á tún máa jiyàn bóyá èdè wa lè gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a ó ṣe lo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ní ni ó kù. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì kọ àròkọ aṣàlàyé lórí òkè ayọnáyèéfín, àwa olùkọ́ èdè ni a ó fi gègé pupa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Bí a kò bá mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, ọmọ tí ó tọ̀nà ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo gbólóhùn méjì yìí:

(1) a. Òkúta yíyọ́ ni ó kún inú ayé. Orí rẹ̀ ni ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ léfòó sí.
    b. Òkúta tí ó wà nísàlẹ̀ ń ṣàn, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ́.

Ó rọrùn fún olùyẹ̀wò láti fún (1a) ní máàkì, kí ó sì kọ ‘ìtakora’ sí ẹ̀gbẹ́ (1b). Bẹ́ẹ̀, (1b) gan-an ni òótọ́.

Bí a bá la ayé sí méjì bí ẹni la mángòrò, a ó rí èèpo, a ó rí ẹran, a ó sì rí kóró. Láti orí ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn jẹ́ nǹkan bí 6,370 kìlómítà. Èèpo jẹ́ nǹkan bí 7 kìlómítà lábẹ́ òkun. Lábẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ó sábà máa ń wà láàrin 30 sí 50. Ẹran lọ títí dé 2,890 kìlómítà, kóró sì gba ìyókù. Òkúta ni èèpo àti ẹran. Irin tí níkẹ́ẹ̀lì díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni kóró. Kò sí ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ débẹ̀. Ìgbì tí ìmìtìtì ilẹ̀ ń rán kiri inú ayé ni ó sọ fún wa. Oríṣi ìgbì méjì ni ọ̀rọ̀ kàn. Èkíní ń ti ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, bí èrò ṣe ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Èkejì ń mi ohun tí ó ń gbà kọjá sọ́tùn-ún sósì, bí okùn tí a gbọ̀n. Ohun líle nìkan ni ìgbì kejì yìí lè gbà kọjá; omi kò lè gbé e, nítorí pé bí a bá ti omi sí ẹ̀gbẹ́, kì í padà sí ipò rẹ̀. Ìgbì yìí la ẹran ayé já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnu kóró ni ó ti pin. Nítorí náà, ẹran ayé le, ó kàn jẹ́ pé òkúta yíyọ́ díẹ̀ wà káàkiri inú rẹ̀ ni. R. D. Oldham ni ó fi irú ìgbì bẹ́ẹ̀ fi hàn ní 1906 pé kóró wà. Harold Jeffreys sọ ní 1926 pé ó ní láti jẹ́ ohun tí ó yọ́. Ní 1936 ni Inge Lehmann, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Denmark, wá rí i pé kóró mìíràn tún wà nínú kóró náà. A mọ̀ báyìí pé èyí tí ó wà ní inú pátápátá yìí le.

Báwo wá ni ohun líle ṣe ń ṣàn? Iṣẹ́ ọwọ́ méjì tí àwọn baba wa mọ̀ yóò là á yé wa. Àgbẹ̀dẹ kì í yọ́ irin kí ó tó rọ ọkọ́. Yóò fi iná sọ ọ́ di pupa, irin á rọ̀, á sì máa gbọ́ràn sí ọmọ owú lẹ́nu, síbẹ̀ irin líle ni. Àwọn tí ó ṣe orí idẹ Ifẹ̀ ní tiwọn yọ́ idẹ títí ó fi di ohun tí ó ṣeé dà, wọ́n sì dà á sínú amọ̀ tí wọ́n ti yọ́ ìda kúrò nínú rẹ̀. Irin àgbẹ̀dẹ ni ẹran ayé jọ, kò jọ idẹ tí à ń dà. Ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí hóró inú òkúta fi ń yẹ̀ lórí ara wọn díẹ̀díẹ̀, tí odindi ẹran náà fi ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún, nǹkan bí èékánná ọwọ́ wa ṣe ń gùn. Ṣíṣàn ni. Ẹni tí ó bá ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ọdún láti dúró wò ó yóò rí i.

Ooru ibẹ̀ ju èyí tí ó lè yọ́ òkúta lórí ilẹ̀ lọ dáadáa. Ìfúnpọ̀ ni kò jẹ́ kí ó yọ́. A mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀rọ̀ yìí ni. Àwọn kan ń lo ìtẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ amọ̀ láti òkè, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà sá. Òkúta ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá gbà, nítorí pé èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ti òun náà padà. Ìfúnpá tí àwọn mìíràn ń kọ kò tẹ́ wa lọ́rùn, torí oògùn tí à ń dè mọ́ apá ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 35 kìlómítà sí ìsàlẹ̀, ìfúnpọ̀ tó ìlọ́po 10,000 ti afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí ilẹ̀. Ní 100 kìlómítà, ó tó ìlọ́po 30,000. Ní ẹnu kóró, ó ju 1,300,000 lọ. Òkúta tí ó bá yọ́ ń fẹ́ àyè díẹ̀ sí i ju èyí tí ó dì lọ. A lè rí irú rẹ̀ lára ìda àbẹ́là: bí èyí tí ó yọ́ bá ti ń dì nínú agolo, àárín rẹ̀ á jìn, nítorí pé ó ti sún kì. Ìfúnpọ̀ kì í fún òkúta ní àyè tí ó nílò láti yọ́. Òkúta ẹran ayé tí ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lórí ilẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 1,100 ti Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kò ní yọ́ ní 100 kìlómítà títí yóò fi tó nǹkan bí 1,500.

Nítorí náà, kì í ṣe dandan kí a fi ooru kún ooru kí òkúta tó yọ́. Bí ṣíṣàn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan bá gbé òkúta gbígbóná súnmọ́ òkè, ìfúnpọ̀ á dín, òkúta á sì yọ́ díẹ̀. Omi náà lè yọ́ ọ, bí ó bá wọnú rẹ̀, nítorí pé ó ń dín ooru tí òkúta nílò kù. Ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo rẹ̀ yọ́ tán. Ohun tí ó yọ́ á kọ́kọ́ wà ní ẹ̀bá hóró, láàrin hóró kan àti èkejì. Àpò gbágùúdá rírin tí a gbé òkúta lé ni kí olùkọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ: omi ń jò jáde láàrin hóró, gbágùúdá sì ń sún kì. Bákan náà ni òkúta líle ṣe ń sún kì nísàlẹ̀, tí èyí tí ó yọ́, tí ó fúyẹ́ jù ú, sì ń gba àárín rẹ̀ lọ sókè.

Bí yóò ti yá tó lọ́nà dúró lórí bí ó bá ti ki tó. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ èdè ti pọ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ọ́ pé òkúta yíyọ́ náà ‘nípọn’. Pákó ni ó ń nípọn, ìwé ni ó ń nípọn. Ẹ̀kọ mímu ń ki ni. Kíki sì yàtọ̀ sí fífà: ewédú lè fà kí ó má ki. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ṣeé fi dípò ara wọn, ó sì yẹ kí a yọ máàkì lórí wọn.

Sílíkà ni ó ń mú òkúta yíyọ́ ki. Átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń di ara wọn mú bí ojú àwọ̀n ẹja. Bí àwọ̀n náà bá ti pọ̀ tó ni ṣíṣàn ti nira tó. Ènìyàn lè rò pé bí a bá fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀, yóò tún ki sí i ni. Ní 1976, Ikuo Kushiro, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Japan, yọ́ irú òkúta kan tí àwọ̀n rẹ̀ pọ̀, ó fún un pọ̀ tó ìlọ́po 24,000 ti afẹ́fẹ́, ó sì wo bí ọta kékeré ṣe ń yára rì nínú rẹ̀. Kíki rẹ̀ dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìdí ni pé ìfúnpọ̀ ń ká àwọ̀n náà kò títí ojú rẹ̀ kò fi dúró ṣinṣin mọ́, tí átọ́ọ̀mù fi lè tètè tú lára ẹnìkejì rẹ̀ kí ó so mọ́ òmíràn. Òkúta yíyọ́ tí kò ní àwọ̀n púpọ̀ ní ti rẹ̀ sábà máa ń ki sí i bí a bá fún un pọ̀, nítorí pé kò sí ohun tí yóò tú. Ìhá nìkan ni ó ń há. Irú èyí ni ti òkè Nyiragongo ní ìlà-oòrùn Kóńgò, èyí tí à ń pè ní Zaire nígbà náà. Sílíkà inú rẹ̀ kéré gan-an. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ òkè náà là ní ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní 1977, adágún òkúta yíyọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ dà nù láàrin wákàtí kan, ó sì sáré ju ẹsẹ̀ ènìyàn lọ. Àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kò rí ibi sá sí, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bọ́. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ pé gbogbo òkúta yíyọ́ ń rìn wúyẹ́wúyẹ́ ti kọ́ ọ ní ohun tí ó lè pa á.

Kóró ayé tún jẹ́ ìyàlẹ́nu mìíràn. Irin yíyọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ní àwọ̀n sílíkà rárá. Nítorí náà, pẹ̀lú gbogbo ìfúnpọ̀ yẹn, ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé kò ki ju omi lọ púpọ̀. Òun ni ó ń ṣàn yí po tí ó sì ń fún ayé ní agbára òòfà tí ń darí abẹ́rẹ́ atọ́nà. Ṣùgbọ́n bí a bá kọjá 5,150 kìlómítà, ooru pọ̀ sí i, síbẹ̀ irin kan náà dì, nítorí pé ìfúnpọ̀ ti borí.

Àwọn olùkọ́ tí ó wà ní agbègbè wa kò nílò láti lọ sí Kóńgò kí wọ́n tó rí nǹkan fi han akẹ́kọ̀ọ́. Òkúta gíráníìtì Ìdànrè jẹ́ òkúta yíyọ́ nígbà kan, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò jáde sórí ilẹ̀ nígbà náà. Inú èèpo ayé ni ó dúró sí, ó tutù díẹ̀díẹ̀, hóró rẹ̀ sì ráyè dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè fi ojú lásán kà wọ́n. Òjò àti àgbàrá ni ó wá ṣí ohun tí ó bò ó kúrò. Bí ọmọ bá kọ ọ́ nípa rẹ̀ pé ó ‘gbẹ’, kí á fà á yọ, kí á kọ ‘dì’ sórí rẹ̀; omi kan kò kúrò lára rẹ̀ bí ti amọ̀ tí a sá sí oòrùn.