Ojú Lọba Ara

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ojú lọba ara." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọba kì í dá ìlú ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ojú kì í dá ríran. Ọpọlọ ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Ká ní o fẹ́ sọdá títì ní Ojúẹlẹ́gbà, ní Sùúrùlérè, tí dánfó kan ń bọ̀. Báwo ni o ṣe mọ̀ pé ó ń bọ̀? Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ara ọkọ̀ náà wá yóò kọ́kọ́ la awọ mímọ́ gaara tí ó bo iwájú ẹyinjú kọjá. Lẹ́yìn náà, yóò gba inú ọmọlójú wọlé. Ọmọlójú ni ihò dúdú róbótó tí ó wà láàárín ojú. Nínú òòrùn, a máa kéré; nínú òkùnkùn, a máa fẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà yóò wá dé ara awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lẹ́yìn nínú ẹyinjú. Ibẹ̀ ni àwòrán ọkọ̀ náà yóò ti hàn, ṣùgbọ́n yóò dorí kodò!

Iṣan ojú ni ó ń jíṣẹ́ náà fún ọpọlọ. Ọpọlọ yóò túmọ̀ rẹ̀ pé, "Dánfó ni, dúró!" Gbogbo èyí kì í gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àwọn nǹkan kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni ó para pọ̀ di ara wa. Sẹ́ẹ̀lì kan a máa pín sí méjì, méjì a di mẹ́rin. Báyìí ni ọgbẹ́ ṣe ń jinná. Bí iyanrìn bá ha iwájú ẹyinjú díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ yóò pín, wọn yóò sì dí ojú ibẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ojú kì í pín bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kú, kò sí àrọ́pò. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ ojú.

Ní ọdún 1969, àrùn ojú kan bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gánà. Ọdún náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 dé inú òṣùpá, ni àwọn ènìyàn bá sọ àrùn náà ní Àpólò. Orúkọ yìí ni àwa náà ń pè é ní Nàìjíríà. Ojú a pọ́n, a wú, a sì máa sun omi. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fà á. Wíwo ojú aláìsàn kọ́ ni ó ń ranni; ọwọ́ tí ó kan ojú, aṣọ ìnujú àti ìrọ̀rí ni ó ń gbé e kiri. Nítorí náà, ó tètè ń ràn ní ilé tí ìdílé púpọ̀ jọ ń gbé, bí irú èyí tí ó wà ní Múṣin.

Àwọn kan a máa kán ìtọ̀ tàbí àgbo sójú. Èyí kò dára; ó lè fọ́ni lójú. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ. Má ṣe lo aṣọ ìnujú ẹlòmíràn. Bí ojú bá ń dùn ọ́, tàbí o kò rí ojú pátákó dáadáa, tètè sọ fún òbí tàbí olùkọ́ rẹ. Àwọn dókítà ojú wà ní ilé ìwòsàn ńlá LUTH, ní Ìdí-Àràbà.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ iṣan ojú?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì iwájú ẹyinjú àti ti iṣan ojú?
3. Báwo ni Àpólò ṣe ń ranni?