Ẹ̀dá kan, orúkọ púpọ̀: Ìdí tí orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń lò fi ṣe pàtàkì fún ìlera

Ní ọjà Kpata, létí Odò Ọya ní ìlú Lọ́kọ́jà, ẹja kan náà a máa jẹ́ orúkọ púpọ̀. Èyí tí Yorùbá ń pè ní àrọ̀ ni Hausa ń pè ní tarwada. Àwọn Núpé, Ígálà àti Ẹ̀bìrà tí wọ́n jọ ń ná ọjà náà sì ní orúkọ tiwọn. Ìyẹn kò dí káràkátà lọ́wọ́, nítorí pé oníbàárà lè fi ìka tọ́ka sí èyí tí ó fẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà tí ó ń béèrè oògùn lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é ní òkèèrè kò lè fi ìka tọ́ka.

Onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Sweden, Carl Linnaeus, ni ó fìdí ìlànà olórúkọ méjì múlẹ̀: fún ewéko ní 1753, fún ẹranko ní 1758. Orúkọ àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ìran, èkejì ń tọ́ka sí ẹ̀yà kan pàtó nínú ìran náà. Clarias gariepinus ni wọ́n ń pe àrọ̀ tí a mọ̀ jù lọ. Àwọn ìran tí ó bá tan mọ́ra ni a ń kó sínú ẹbí kan, a sì ń kó àwọn ẹbí jọ bẹ́ẹ̀ títí dé orí ìsọ̀rí ńlá tí gbogbo ẹranko wà nínú rẹ̀.

Kí orúkọ tuntun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, a gbọ́dọ̀ tẹ àpèjúwe ẹ̀dá náà jáde, kí a sì tọ́ka sí àpẹẹrẹ kan tí a tọ́jú pamọ́, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Charles Barter, onímọ̀ ewéko tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́ yìí lẹ́bàá Odò Ọya ní 1859, kó irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọgbà Kew ní London. Ìran Barteria ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Dókítà William Balfour Baikie, olórí ìrìn àjò náà tí ó tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà lẹ́yìn náà, ni wọ́n fi sọ ìran igi Baikiaea.

Orúkọ àti oògùn oró ejò

Àṣìṣe orúkọ lórí ẹja lè má ju owó lọ. Lórí ejò, ẹ̀mí lè bá a lọ. Paramọ́lẹ̀ kékeré kan wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìwé àtijọ́ pè é ní Echis carinatus, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni òun àti ejò Íńdíà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní orúkọ Echis ocellatus. Ní 2018, wọ́n tún ya ti Nàìjíríà àti Chad sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Echis romani.

Oró ejò náà gan-an ni a fi ń ṣe oògùn rẹ̀. Wọ́n ń fún ẹṣin tàbí àgùntàn ní ìwọ̀nba oró lábẹ́rẹ́, wọ́n á sì yọ èròjà tí ń gbógun ti oró náà láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹran náà. Nítorí èyí, oògùn tí a fi oró ejò Éṣíà ṣe kì í sábà ká oró ti Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n fi oògùn kan láti Íńdíà rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ ní àárín gbùngbùn Gánà ní 2004, iye àwọn tí ó kú nínú 100 tí ejò bù jẹ lọ sókè láti 1.8 sí 12.1.

EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica, ni a fi oró ejò Nàìjíríà mẹ́ta ṣe: Echis ocellatus gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà náà, Bitis arietans àti Naja nigricollis.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má ṣe sín ojú ibẹ̀ ní gbẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi ẹnu fa oró, ẹ má sì ṣe so ó le. Ẹ má jẹ́ kí ó máa gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má ṣe lé ejò náà kiri. Bí ẹ bá lè rántí àwọ̀ rẹ̀ àti bí ó ti gùn tó, ẹ sọ fún dókítà: ìyẹn lè ràn án lọ́wọ́ láti mọ ẹ̀yà tí ó jẹ́ àti oògùn tí ó bá a mu.