Òwò Òkèèrè Ń Fẹ́ Èdè

Kí ni ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kọ́ kó tó lè bá ilẹ̀ òkèèrè ṣòwò? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ní 1946. Thunderbird la mọ̀ ọ́n sí. Pápá tí àwọn awakọ̀ òfúrufú ti kọ́ṣẹ́ nígbà ogun Hitler ni wọ́n lò. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ: ọ̀nà òwò, èdè ilẹ̀ mìíràn, àti ìṣe àwọn ará ibẹ̀.

Kútọnu ò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ̀wé ìjọba níbẹ̀. Ọmọ wa tí kò gbọ́ Faransé, ta ni yóò ka ìwé àdéhùn fún un? Gbogbo wa la mọ bó ti ń dun ni kí ẹlòmíràn máa ka lẹ́tà ẹni fún ni. Ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò owó, kó kọ́ èdè oníbàárà pẹ̀lú.