Òfin Tó Ń Ka Òṣèré: Ibi Tí Orúkọ Bataclan Ti Ṣẹ̀

Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá lóṣù Kọkànlá ọdún 2025 tí àwọn agbébọn ya wọ gbọ̀ngàn Bataclan ní Paris, orúkọ gbọ̀ngàn náà tún gba ìgboro kan. Eré olórin apanilẹ́rìn-ín kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Ba-ta-clan, tí Jacques Offenbach kọ orin rẹ̀, tí Ludovic Halévy kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe lóṣù Kejìlá ọdún 1855.

Ìpín kan ṣoṣo ni eré náà, ẹni mẹ́rin péré ló sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé bó ṣe wu olórin ló ṣe é. Òfin ló fà á. Lọ́dún 1807, Napoleon Kìíní dín ilé ìtàgé Paris kù sí mẹ́jọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣí tuntun ní láti gbàṣẹ, ìwé àṣẹ ló sì máa sọ irú eré tí yóò ṣe, kó má baà gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ilé ńlá. Nígbà tí Offenbach ṣí ilé ìtàgé tirẹ̀, òṣèré mẹ́ta ló pọ̀ jù tí wọ́n gbà fún un. Kó tó di Ba-ta-clan, wọ́n fi ẹnì kan kún un.

Lọ́dún 1857, ó nílò ẹnì karùn-ún nínú eré rẹ̀ mìíràn, Croquefer. Ló bá fi jagunjagun kan tí wọ́n ti gé ahọ́n rẹ̀ síbẹ̀, tó ń gbé pátákó tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí sókè bí wọ́n bá bi í léèrè. Ẹni tí kò lanu, òfin kò kà á.

Nínú Ba-ta-clan, ìlú àtọwọ́dá kan tó jọ Ṣáínà ni ìtàn ti wáyé. Ọba ibẹ̀ kò gbọ́ èdè ìlú rẹ̀ dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni àṣírí ń tú: ọmọ Faransé ni ọba, ọmọ Faransé sì ni àwọn mẹ́ta yòókù. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fún wọn kò bọ̀wọ̀ fún àwọn ará Ṣáínà, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo. Ó jọ mí pé ààfin Napoleon Kẹta, olú ọba Faransé nígbà náà, ni wọ́n ń bá wí.

Lọ́dún 1858 tí okùn tí òfin fi so iye òṣèré tú, Orphée aux Enfers tí Offenbach kọ jáde, òṣèré sì kún orí ìtàgé bámúbámú. Ọdún 1864 ni ìjọba fagi lé òfin náà pátápátá. Àwọn kan ń yin òfin náà pé òun ló kọ́ Offenbach ní ọgbọ́n. Èmi rò pé ẹ̀bùn rẹ̀ ni ká yìn: Hervé, olórin ẹgbẹ́ rẹ̀, náà gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ eré Offenbach làwọn èèyàn ṣì ń ṣe jù lónìí.